Wọ́n Ní “Starboard”, Ọkọ̀ Yà Sósì: Àlàyé Lórí Èdè Tí Àwọn Atukọ̀ Fi Ń Sọ̀rọ̀ Ìkọlù Lójú Òkun

Lálẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1912, nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá òru lù, ọkùnrin tó ń ṣọ́nà lókè òpó ọkọ̀ Titanic lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé tẹlifóònù, ó sì sọ fún àwọn tó wà ní yàrá ìdarí pé òkè yìnyín wà níwájú gan-an. William Murdoch, ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní wákàtí yẹn, pàṣẹ fún ẹni tó di sítíárìn mú: “Hard a-starboard!” Ọwọ́ ọ̀tún ọkọ̀ là ń pè ní starboard. Ṣùgbọ́n òsì ni ọkọ̀ náà yà sí, yìnyín sì gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ka ìtàn yìí, tí wọ́n sì gbà pé Robert Hichens tó wà nídìí sítíárìn ló ṣi àṣẹ gbọ́, pé ẹ̀rù ló bà á tó fi yí i sí ibi tí kò yẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe, ibi tí Murdoch fẹ́ kí ọkọ̀ yà sí náà ló yà sí. Ó dùn mí pé orúkọ ẹni tó ti kú ṣì ń jẹ̀bi ohun tí kò ṣe, kìkì nítorí pé àwa tá à ń kà á lónìí kò mọ bí àwọn atukọ̀ ayé ìgbà yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ tú ọ̀rọ̀ yìí wò láti ìpìlẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ starboard àti port bá ti yé wa, ìtàn ìkọlù ọkọ̀ tó wà nínú ìwé àtijọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀.

Kí wọ́n tó mọ bí a ṣe ń so ìtọ́kọ̀, pátákó inú omi tó ń darí ọkọ̀, mọ́ ìdí ọkọ̀, àjẹ̀ ńlá kan ni àwọn atukọ̀ àríwá Yúróòpù fi ń darí ọkọ̀ wọn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lápá ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń so ó mọ́, torí ọwọ́ ọ̀tún ló lágbára jù lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, stēor ni ìdarí, bord sì ni ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀ ló di starboard. Wọn kì í jẹ́ kí àjẹ̀ yìí fún mọ́ ògiri èbúté, kó má baà ṣẹ́, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n máa ń kọ sí èbúté, ibẹ̀ náà ni ẹrù ń gbà wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ẹrù yìí ni wọ́n wá ń pè ní larboard.

Ẹ pe méjèèjì sókè, kí ẹ gbọ́ ọ: starboard, larboard. Nínú ìjì, tí ìgbòkun ń pariwo, tí omi ń ru bo orí ọkọ̀, ta ló máa mọ èyí tí ọ̀gá pè? Ọ̀pọ̀ atukọ̀ ti ń fi port, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ èbúté, pe òsì tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba tó dá sí i. Ọdún 1844 ni àwọn ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí wọ́n pa larboard tì, kí wọ́n sì máa lo port. Ti Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 1846.

Ọ̀tún àti òsì ti wá dájú báyìí. Ohun tó ṣì ń da èèyàn lójú rú ni nǹkan tí àṣẹ náà ń bá wí. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé ìtọ́kọ̀ lọ sí ìdí ọkọ̀, ọ̀pá gígùn kan ni wọ́n fi mọ́ ọn lórí tí atukọ̀ ń tì sọ́tùn-ún sósì. Tiller ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀pá yìí. Tí a bá tì í sọ́tùn-ún, pátákó ìtọ́kọ̀ tó wà nínú omi á yí sósì, omi á tì í, orí ọkọ̀ á sì yà sósì. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ kékeré onẹ́ńjìnì rí ní Badagry, Ẹ̀pẹ́ tàbí Makoko ti fojú ara rẹ̀ rí i: ẹni tó jókòó sídìí ẹ́ńjìnì á ti ọwọ́ ẹ́ńjìnì náà sí apá kan, ọkọ̀ á sì kọrí sí apá kejì.

Ọ̀pá yìí ni àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ń bá wí nínú àṣẹ wọn. “Starboard” túmọ̀ sí pé kí o ti ọ̀pá sọ́tùn-ún, gbogbo èèyàn inú ọkọ̀ sì mọ̀ pé òsì ni ọkọ̀ máa yà sí. Ọ̀rọ̀ yìí ò da ẹnikẹ́ni láàmú nígbà tí ọ̀pá náà ṣì wà lójú, tí ọ̀gá ń wo ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí wọ́n fi sítíárìn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n fi okùn so sítíárìn mọ́ ọ̀pá tó wà nísàlẹ̀. Bí atukọ̀ bá yí sítíárìn sósì, ọ̀pá á lọ sọ́tùn-ún, ọkọ̀ á sì yà sósì. Ọ̀pá ti kúrò lójú, àmọ́ àṣẹ kò yí padà. Fún bíi igba ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá ń pe “starboard”, atukọ̀ ń yí sítíárìn sósì, ọkọ̀ ń yà sósì, inú gbogbo wọn sì dùn sí i torí ohun tí wọ́n kọ́ láti kékeré nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí Titanic gan-an nìyí. Murdoch fẹ́ yà sósì, ó pe “hard a-starboard”, Hichens yí sítíárìn sósì títí ó fi dúró. Nígbà tí wọ́n bi í níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí, ó ní ọkọ̀ náà ti yà tó point méjì kí yìnyín tó gbá a. Ọ̀nà tí atukọ̀ ń gbà pín òbìrí kọ́ńpáàsì ni point. Point 32 ló wà nínú òbìrí kan, nítorí náà point méjì jẹ́ dígírì 22 àbọ̀. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ náà gbọ́ràn. Àyè àti àkókò ni kò tó.

Ọdún 1929, níbi àpérò àgbáyé tó wáyé ní London lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé kí àṣẹ máa tọ́ka sí ibi tí ọkọ̀ máa yà sí gan-an. Láti ọdún 1933 ni àwọn ọkọ̀ òwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ti ṣáájú wọn ní 1913. Wọ́n ní kí wọ́n kúkú máa sọ “right” àti “left” sí ẹni tó di sítíárìn mú, kí ọ̀rọ̀ tán. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ìròyìn ìkọlù tó ṣẹlẹ̀ kó tó di 1933, tí ẹ rí “hard a-port”, ẹ yí i padà lọ́kàn yín: ọ̀tún ni ọkọ̀ náà fẹ́ yà sí.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò lórí ìkọlù kan tó burú jáì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1878, ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan tó ń jẹ́ Princess Alice ń kó àwọn èèyàn padà bọ̀ sí London lórí odò Thames. Ìdílé ló pọ̀ jù nínú wọn, bàbá, ìyá àti ọmọ tó lọ fi ọjọ́ kan sinmi létíkun. Nítòsí Woolwich, ọkọ̀ ẹrù tó tóbi jù ú lọ fíìfíì, Bywell Castle, tó ń lọ gbé èédú, já a sí méjì. Láàárín bíi ìṣẹ́jú mẹ́rin ó ti rì, àwọn tó sì kú lé ní 600. Ibi tí wọ́n bọ́ sí gan-an ni ẹ̀gbin gbogbo ìlú London ń ṣàn sí lákòókò yẹn, ìyẹn sì wà lára ohun tó mú kí òkú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, àṣẹ ìkẹyìn tí ọ̀gá Bywell Castle pa di àríyànjiyàn. “Hard a-port” ló pè, ìyẹn ni pé kí ọkọ̀ yà sọ́tùn-ún. Àṣìṣe ni, kò yẹ kó yà síbẹ̀. Ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ ní ẹ̀bi wà lọ́rùn ọkọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ní 1879 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé rárá: Princess Alice ló fi àìbìkítà kó Bywell Castle sínú ewu òjijì, a ò sì lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ikú dúró níwájú rẹ̀ pé kó ronú bí ẹni tó jókòó sínú ọ́fíìsì. Láti inú irú ẹjọ́ yìí ni àwọn agbẹjọ́rò ti mú “agony of the moment”, ìyẹn ìrora ìṣẹ́jú náà. Títí dòní, ọ̀gá ọkọ̀ tí ẹlòmíràn kó sínú ewu, tó sì ṣe àṣìṣe ní ìṣẹ́jú ìkẹyìn, lè fara pa mọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fa ewu náà kò lè lò ó.

Odò Thames kan náà ló wà lára ibi tí òfin ìrìnnà ojú omi ti gbérí. Ọkọ̀ oníná, èyí tí ooru omi gbígbóná ń wa ẹ́ńjìnì rẹ̀, tí kò dúró de afẹ́fẹ́, ló mú un di dandan: ọkọ̀ onígbòkun kì í sáré púpọ̀, atukọ̀ sì mọ ibi tí afẹ́fẹ́ máa gbé e gbà, àmọ́ ọkọ̀ oníná lè gba ibikíbi. Ní 1840, Trinity House, àjọ tó ń bójú tó iná etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàṣẹ pé bí ọkọ̀ oníná méjì bá pàdé, kí kálukú yà sọ́tùn-ún, kí òsì kọjú sí òsì. Ẹ má gbàgbé pé “port” ni wọ́n kọ sínú òfin náà, torí ọ̀pá ni wọ́n ń bá wí! Ní 1848 wọ́n fi iná kún un: iná funfun lókè òpó, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, àwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Ìlànà náà ni gbogbo ayé ń tẹ̀ lé lónìí. Bí ẹ bá dúró ní Marina l'Ékòó lálẹ́, tí ọkọ̀ ńlá ń ti òkun bọ̀ wá sí Apapa, iná àwọ̀ ewé lẹ máa rí lára rẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kọ sí Èkó. Nígbà tó bá ń padà lọ sókun, pupa lẹ máa rí. Láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ti mọ ibi tó kọrí sí. Fèrè ọkọ̀ náà ní èdè tirẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan kúkúrú, mò ń yà sọ́tùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì, mò ń yà sósì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ́ńjìnì mi ń fà sẹ́yìn.

Kí ọ̀rọ̀ collision, ìyẹn ìkọlù, tó di èyí tí gbogbo ènìyàn ń lò, àwọn atukọ̀ onígbòkun ní tiwọn. Wọ́n á ní ọkọ̀ kan “fell aboard” èkejì, tàbí “ran aboard” rẹ̀. Ẹni tó bá ka èyí lónìí á rò pé èèyàn ló wọnú ọkọ̀. Board yẹn ni bord tá a ti rí nínú starboard, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan lọ fara gbún ẹ̀gbẹ́ èkejì. Ọkọ̀ onígi tó ń rọra lọ kì í sábà la ara wọn sí méjì. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé kí okùn, ìgbòkun àti igi orí òpó wọn lọ́ mọ́ra. Ìlọ́mọ́ra yìí ni wọ́n ń pè ní foul. Bí ìdákọ̀ró bá kọ́ nǹkan nísàlẹ̀ omi, ó ti foul. Bí ọkọ̀ méjì bá fi okùn kọ́ra, wọ́n ti fall foul ara wọn. Ọ̀rọ̀ yìí gòkè wá sórí ilẹ̀. Nígbà tí Òyìnbó bá sọ pé ẹnì kan “fell foul of the law”, èdè atukọ̀ ló ń sọ.

Èyí tó léwu jù nínú èbúté tó kún fọ́fọ́ ni “athwart hawse”. Hawse ni iwájú ọkọ̀ níbi tí okùn ìdákọ̀ró ti ń jáde. Ọkọ̀ kan ti sọ ìdákọ̀ró kalẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́. Òmíràn já, ìgbì ń gbé e bọ̀, ó sì wá na ara rẹ̀ gbalaja níwájú ẹni tó dúró, lórí okùn rẹ̀ gan-an. Bí okùn yẹn bá já, méjèèjì ló máa fò lọ bá àpáta. Nínú ìjì, ọ̀gá ọkọ̀ lè pàṣẹ pé kí wọ́n fi àáké gé okùn tirẹ̀ kúrò, kó sì fẹsẹ̀ fẹ, dípò kó dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá bá a lọ́nà yẹn.

Ìkọlù tó jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ní orúkọ tirẹ̀, ramming. Àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́ máa ń fi bàbà ṣe ẹnu ṣóńṣó sí iwájú ọkọ̀ ogun wọn láti fi gún ọkọ̀ ọ̀tá. Rostrum ni èdè Látìn ń pe ẹnu náà. Lẹ́yìn tí Róòmù ṣẹ́gun ìlú Antium ní ọdún 338 ṣáájú ìbí Krístì, wọ́n yọ ẹnu àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gbà, wọ́n fi ṣe pèpéle ìsọ̀rọ̀ ìlú lọ́ṣọ̀ọ́, ibi tí olùbánisọ̀rọ̀ ń dúró sí sì wá ń jẹ́ rostrum títí di òní. Ìjà ẹnu ọkọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìtàn kó tó sọjí ní 1866, nígbà tí ọkọ̀ onírin ilẹ̀ Austria fi iwájú gún Re d'Italia, ọkọ̀ ilẹ̀ Ítálì, níbi ogun Lissa, tó sì rì í. Àwọn ológun ojú omi káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ẹnu irin sí iwájú ọkọ̀ wọn. Ará wọn ló pọ̀ nínú ẹni tí wọ́n fi pa. Lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1893, ní etíkun Lẹ́bánónì, Admiral George Tryon pàṣẹ fún ìlà ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pé kí wọ́n yí padà sínú, síhà ara wọn. Àyè àárín wọn kò tó. HMS Camperdown fi ẹnu irin rẹ̀ gún HMS Victoria tí Tryon fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, èèyàn 358 sì bá a lọ, òun náà pẹ̀lú. Ọ̀tá kankan ò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ tó ń rú àwọn oníròyìn lójú jù lónìí. Lóru ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2024, iná kú lórí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń jẹ́ Dali, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi 300 mítà. Ó ń jáde kúrò ní èbúté Baltimore, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Maryland ló sì mọ afárá tó lọ forí sọ dáadáa, Francis Scott Key Bridge. Afárá náà wó. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà tó ń tún ojú títì ṣe lókè rẹ̀ kú. Ìwé ìròyìn kan pè é ní collision, òmíràn pè é ní allision, àwọn kan sì ń rò pé àṣìkọ ni.

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Látìn ló bí méjèèjì, láti inú laedere tó túmọ̀ sí kí a pa nǹkan lára. Collision ni pé méjì jọ kọlu ara wọn. Allision ni pé ẹnì kan lọ kọlu nǹkan tó dúró, bí afárá, èbúté tàbí ọkọ̀ tó ti sọ ìdákọ̀ró. Amẹ́ríkà ni àwọn agbẹjọ́rò ti ń tẹnu mọ́ ìyàtọ̀ yìí jù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń pe gbogbo rẹ̀ ní collision. Àjọ tó ń ṣèwádìí jàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà tún ní tirẹ̀: “contact” ni wọ́n kọ sórí ìwé ìwádìí Dali.

Owó ló wà nídìí ìyàtọ̀ náà. Bí mọ́tò bá lọ gbá ògiri, kò sẹ́ni tó máa bi ògiri léèrè ibi tó ń lọ. Ní 1895, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ ọkọ̀ Oregon, tó lọ kọlu Clan Mackenzie níbi tó ti sọ ìdákọ̀ró sínú odò Columbia. Ìlànà tó jáde níbẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ tó ń rìn bá gbá èyí tó dúró, a máa kọ́kọ́ gbà pé ẹ̀bi ẹni tó ń rìn ni, òun ló sì máa fi ẹ̀rí gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Nínú collision, ẹ̀bi kò tíì wà lọ́rùn ẹnikẹ́ni nígbà tí wọ́n bá wọ ilé ẹjọ́. Ẹni tó bá pe allision ní collision ti yí ibi tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ padà.

“Both to blame”, ìyẹn pé ọkọ̀ méjèèjì ló jẹ̀bi, náà yẹ ní ohun tí à ń ṣàlàyé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ilé ẹjọ́ ojú omi bá ti ní ọkọ̀ méjèèjì jẹ̀bi, wọ́n á pín gbogbo òfò sí méjì ọgbọọgba, bó ti wù kí ẹ̀bi ẹnì kan kéré tó. Ẹ̀bi ìdá kan nínú mẹ́wàá lè ná ọ ní ìdajì. Àdéhùn Brussels ọdún 1910 ló fòpin sí èyí láàárín àwọn tó fọwọ́ sí i, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì sọ ọ́ di òfin ní 1911: kí kálukú san ìwọ̀n ẹ̀bi rẹ̀. Amẹ́ríkà kò bá wọn lọ. Wọ́n ń pín in sí méjì títí di 1975. Ọkọ̀ kan tó ń gbé epo, Mary A. Whalen, ti gúnlẹ̀ sórí iyanrìn nítòsí New York níbi tí iná atọ́nisọ́nà ti kú. Ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ gbà pé ìdá 75 nínú 100 ẹ̀bi wà lọ́rùn ọkọ̀, 25 lọ́rùn ìjọba tó ni iná náà, síbẹ̀ ìdajì-ìdajì ni òfin ní kí wọ́n san. Orí ẹjọ́ yẹn ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ti pa òfin ìdajì-ìdajì rẹ́. Lójú tèmi, ó pẹ́ jù.

Ọ̀kan kù tó ń ṣini lọ́nà. Àwọn èèyàn máa ń béèrè pé, “Ta ló ní right of way, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ kọjá?” Àwọn atukọ̀ àtijọ́ náà máa ń pe ọkọ̀ kan ní privileged, ẹni tó ní ẹ̀tọ́, wọ́n á pe èkejì tó gbọ́dọ̀ yà fún un ní burdened. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ti ba nǹkan jẹ́, torí ẹni tí wọ́n bá pè ní privileged lè gbà pé ẹ̀tọ́ òun ni kí òun máa lọ láìwẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n tún òfin àgbáyé lórí ìkọlù kọ ní 1972, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1977, give-way àti stand-on ni wọ́n fi sí i. Give-way ni kó yà, kó tètè yà, kó sì yà débi tí ẹnì kejì á fi rí i kedere. Stand-on ni kó di ojú ọ̀nà àti eré rẹ̀ mú, kí ẹni tó ń yà lè mọ ibi tó máa bá a. Iṣẹ́ ni wọ́n pín fún àwọn méjèèjì. Bí give-way kò bá sì ṣe tirẹ̀, dandan ni kí stand-on náà wá nǹkan ṣe nígbà tó bá ku díẹ̀.

Báwo ni atukọ̀ ṣe ń mọ̀ pé ewu ìkọlù wà? Òfin náà sọ ọ́ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè dán wò. Ẹ fi kọ́ńpáàsì wo ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ sàmì sí ibi tó wà. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún wò ó. Bí ó bá ń sún mọ́ yín tí àmì náà kò sì kúrò níbi tó wà, ẹ̀yin méjèèjì ń lọ sí ojú kan náà. Ó máa ń tanni jẹ, torí ọkọ̀ tó wà lójú kan kì í jọ ohun tó ń sáré bọ̀. Ṣe ló kàn ń tóbi sí i.

Ọkọ̀ Andrea Doria ti ilẹ̀ Ítálì àti Stockholm ti ilẹ̀ Sweden ní rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ọkọ̀ mìíràn wà hàn, méjèèjì sì rí ara wọn lórí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1956, nítòsí Nantucket ní Amẹ́ríkà. Ìkùukùu bo ojú òkun. Andrea Doria rò pé ọ̀tún sí ọ̀tún làwọn máa fi kọjá. Stockholm rò pé òsì sí òsì ni. Nígbà tí wọ́n fi máa fojú rí iná ara wọn, Stockholm yà sọ́tùn-ún pátápátá, Andrea Doria yà sósì pátápátá, wọ́n sì pàdé. Iwájú Stockholm wọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún Andrea Doria dé àwọn yàrá tí èèyàn ń sùn sí. Ó gbé ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14 kan kúrò lórí ibùsùn rẹ̀, wọ́n sì bá a láàyè nínú irin tó rún wómúwómú níwájú Stockholm. Èèyàn 51 kú nínú ọkọ̀ méjèèjì, Andrea Doria sì rì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn bíi wákàtí mọ́kànlá.

Àwọn atukọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe irú rẹ̀ ní “radar-assisted collision”, ìyẹn ìkọlù tí rédà bá wọn dá sílẹ̀, torí pé àwọn tó ń wò ó gbà á gbọ́ láìṣe ìṣirò lórí ohun tí wọ́n rí. Ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ ní New York, agbẹjọ́rò ìhà méjèèjì da ìbéèrè bo àwọn ọ̀gá ọkọ̀ náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1957, àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn kí adájọ́ tó dájọ́. Nítorí náà, kò sí ilé ẹjọ́ kankan tó tíì fẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó jẹ̀bi ìkọlù Andrea Doria àti Stockholm.